Igi Kẹta Lórí Yìnyín

Ní erékùṣù Sorley, kò sẹ́ni tó ń wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé ìgbà òtútù ti fẹ́ kógbá wọlé. Kàlẹ́ńdà kẹ̀? Irọ́ pátápátá ni kàlẹ́ńdà máa ń pa níbẹ̀. Gordy tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ tí Gordy bá ti fi ṣòkòtò péńpé jáde nílé, tí itan rẹ̀ funfun báláú, tí òtútù sì ṣì ń géni jẹ, gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé nǹkan ti ń yí. Delphine tó ni ilé kọfí á gbé àwo ìyàgbẹ́ àtijọ́ kan tó ń gbin òdòdó sí jáde síwájú ilé, bẹ́ẹ̀ òdòdó kankan ò ní í hù nínú rẹ̀ kó tó di oṣù Karùn-ún. Duke, ajá rẹ̀, tó ti ń sáré lórí yìnyín láti oṣù Kejìlá, á dé etí adágún tó yí erékùṣù náà ká, tí òtútù ti sọ di yìnyín, á na ẹsẹ̀ kan, á fà á padà, á wá jókòó sílẹ̀ bí ìyá àgbà tó ń bínú. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó ti le látìgbà Kérésì, téèyàn ń fi èjìká tì kó tó ṣí, á kàn ṣí wẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo ìyẹn. Igi ni òfin. Lẹ́yìn ọdún, ilé kọ̀ọ̀kan á wọ́ igi Kérésì rẹ̀ wá sétí adágún. Wọ́n á gbẹ́ ihò sínú yìnyín, wọ́n á ri igi bọ̀ ọ́, wọ́n á da omi sí i, á dì gbagidi. Ọgọ́rin igi ló tò lọ bẹ́ẹ̀, láti etí erékùṣù títí dé èbúté òdìkejì, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mọ́tò ń gbà. Tí oòrùn oṣù Kẹta bá wá dé, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ti pé mẹ́ta tó tẹ̀, Reino Haapala tó ń mójú tó ọ̀nà náà á fa igi kan tu, á gbé e dábùú ọ̀nà. Ọ̀nà pa nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, mọ́tò ò lè kọjá, ọkọ̀ ojú omi ò sì tíì lè rìn. Oníkálukú á wà níbi tí ó bá a.

Lọ́jọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, igi méjì ti tẹ̀, ọkàn Verna Sandnes kò sì lélẹ̀.

Maren, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń bọ̀ ní Sátidé. Texas ló ń gbé, níbi tí Caleb ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe ṣọ́jà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin. Ní Mọ́ńdè, wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Jámánì, ó di ọdún mẹ́ta gbáko. Sátidé yẹn nìkan ló wà. Ní yàrá iwájú nílé Verna, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún, Hulda ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ti dùbúlẹ̀ látìgbà ìkórè, kò lè dìde mọ́. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá pe Verna sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó má wulẹ̀ ka oṣù mọ́, ọjọ́ ni kó máa kà. Ohun kan ṣoṣo ni màmá náà sì ń béèrè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: "Ọmọ náà dà?" Bí ọ̀nà bá pa kí Sátidé tó dé, màmá á kú láìfojú kan ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Verna ò lè gbé e sọdá, kò sì lè fi í sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó sùn.

"Verna, jókòó jàre," Delphine sọ fún un nílé kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "O ń dìde, o ń jókòó, àfi bí ẹni tí èèrà wọ̀ ní ṣòkòtò."

"Mò ń wo igi ni."

"Igi ò lẹ́sẹ̀. Kò ní í sá lọ. Mu kọfí ẹ."

Reino Haapala wọlé, ó ń tiro. Ogójì ọdún ló ti ń ṣọ́ ọ̀nà yìnyín yẹn. Tẹ́lẹ̀, àràárọ̀ ló máa ń gbẹ́ yìnyín wò, kó lè mọ bó ṣe nípọn tó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, Mọ́ńdè Mọ́ńdè ló ń gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ yòókù, igi ló gbójú lé. Kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i, nítorí igi kò tíì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ ní erékùṣù yẹn rí.

"Reino," Verna ní, kò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Bí ẹ̀kẹta bá tẹ̀ lọ́la ńkọ́?"

"Ọ̀nà pa nìyẹn."

"Bó bá ṣẹ́ ku ọjọ́ kan péré ńkọ́?"

"Verna, yìnyín ò mọ̀ pé o lálejò."

Gordy bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. "Bá mi sọ fún un! Lọ́dún tó kọjá, èmi náà bẹ̀ ẹ́ títí nítorí bíà mi tó wà lókè ọ̀hún. Ó ní rárá."

"Bíà lo fi ń wé ọmọ ọmọ mi?" Verna yíjú sí i. "Gordy, lọ sílé lọ wọ ṣòkòtò gidi, jọ̀ọ́. O ń ba kọfí jẹ́ mọ́ wa lẹ́nu."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Gordy fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Verna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Reino rí i, ó rọra gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Mo mọ̀ pé ọmọ náà ń bọ̀," ó ní. "Èmi náà ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mẹ́ta."

Ní Fúráídè, kílẹ̀ tó mọ́ tán, Verna ti wà lójú fèrèsé. Ó ka igi. Ọ̀kan tó tẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Èkejì, ti Delphine. Ó fẹ́ yíjú kúrò, ó bá rí i. Háà! Ẹ̀kẹta ti tẹ̀. Kò jìnnà rárá, bí ọ̀kò mẹ́ta sí etí omi ni, ó sì dagun bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri. Igi ilé tirẹ̀ gan-an ni, èyí tó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésì pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Reino kò tíì jí. Fèrèsé rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn. Verna bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Ó ní igi lásán ni. Ó ní oòrùn ló yọ́ ìdí rẹ̀, yìnyín ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ó ní adágún tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé mọ́tò kékeré kan ni kò ní í lè gbé? Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí nǹkan ń dùn ló mọ irú irọ́ tó lè pa fún ara rẹ̀ kó sì gbà á gbọ́.

Ó yọjú wo ìyá rẹ̀. Màmá dijú, kò mira. Verna ki ẹsẹ̀ bọ bàtà onírọ́bà, ó gbé korobá àti ṣọ́bìrì, ó mú irin gígùn tí wọ́n fi ń gbẹ́ yìnyín, ó jáde.

Iṣẹ́ tó ti ń bá wọn ṣe láti ìgbà tó ti gbọ́njú ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnì kan kọ́ ọ. Ó fa igi náà tu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ní oṣù Kìíní, ogójì ìgbà ni wọ́n fi irin gún yìnyín ibẹ̀ kí omi tó yọ, tí òógùn sì ń bọ́ lára Gordy nínú òtútù. Láàárọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, irin fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi dúdú sì rú jáde. Verna rí i. Ojú rẹ̀ rí i, ọwọ́ rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo omi náà.

"Ibí yìí nìkan ni," ó sọ ketekete, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í.

Ó ri igi bọ̀ ọ́, ó ki òjò dídì yí ìdí rẹ̀ ká, ó bu omi lé e. Òtútù ìdájí ṣì mú dáadáa. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, igi ti dì, ó dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá.

Nígbà tó yá, Reino jáde pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀, ó dúró sétí omi, ó kà. Ó tún un kà. Ó gbé ìka méjì sókè kí gbogbo àwọn tó ń wò ó lójú fèrèsé lè rí i, ó sì wọlé padà. Méjì ni. Ọ̀nà ṣì ṣí.

Ó yẹ kí ara Verna wá balẹ̀, àbí? Kò balẹ̀ o. Ó gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yan búrẹ́dì dídùn, ó gbàgbé rẹ̀ sínú ààrò, ó jó, ó tún yan òmíràn. Omi ń kán láti orí òrùlé, tó, tó, tó, kò sì dákẹ́. Kannakánná ti dé, wọ́n ń pariwo lórí igi bí ẹni pé wọ́n ń bá a wí. Ní ọ̀sán, Delphine pè é lórí fóònù.

"Gbọ́ nǹkan kan," Delphine ní. "Duke ò tẹ yìnyín lónìí. Mo ju egungun sórí ẹ̀, ó wo egungun, ó wo èmi, ó ń gbó mi."

"Ajá ẹ ti darúgbó ni."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì kọ egungun rí."

"Delphine, mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́," Verna ní, ó pa fóònù mọ́ ọn létí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni o.

Ní Sátidé, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, fóònù tún dún.

"Mọ́mì! A ti dé èbúté!" Ohùn Maren ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Mo ti pe Reino, ó ní méjì ṣì ni, ó ní ká máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A ti sọ gbogbo gíláàsì kalẹ̀, a ò de bẹ́líìtì, ká lè tètè bọ́ sílẹ̀ bí yìnyín bá là, Caleb ló ń wà á. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Ó ń wò mí bí adájọ́, ẹ ó rí i. Mo fẹ́ pa fóònù báyìí ká lè gbọ́ ohùn yìnyín, bí Reino ṣe máa ń sọ."

Verna la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó ku kó tu ú jáde.

"Ṣé àwọn ni?" Hulda ké láti yàrá. "Verna, ṣé àwọn ni? Wọ́n ti ń bọ̀?"

"Ẹ máa bọ̀," Verna sọ sínú fóònù.

Ẹ wo ẹnu ọmọ aráyé! Kó tó pa á dé, Maren ti lọ.

Ó sáré sójú fèrèsé. Lókè ọ̀hún, ohun dúdú kékeré kan ti bọ́ sórí yìnyín, ó ń rọra bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi. Verna pe Maren padà. Fóònù kò wọlé. Ó tún pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó pe Reino, Reino ò gbé e, ó ti wà níta níbi tó ti ń dúró de àwọn àlejò. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mọ́tò náà ti kọjá ìdajì ọ̀nà, ó ti ń tóbi sí i, àwọ̀ rẹ̀ ti hàn. Verna rí omi dúdú yẹn lójú ara rẹ̀ bó ṣe rú jáde nínú ihò. Ó kígbe. Bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wọ kóòtù, kò pa ilẹ̀kùn dé. Ó já sóde.

Lójú gbogbo erékùṣù ló ṣe ń sáré lọ lórí yìnyín, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, irun rẹ̀ tú. Ó gbọ́ tí Reino ń pè é lẹ́yìn, kò dúró. Ó yọ̀, ó ṣubú, ó dìde. Nígbà tó dé ìdí igi kẹta, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó fi gbogbo ara tì í. Igi dún kẹ́kẹ́, ó wó. Ó gbé e dábùú ọ̀nà. Bó ṣe fẹ́ sún sẹ́yìn báyìí, yìnyín là lábẹ́ rẹ̀, ó sì wọ inú omi dé ìbàdí. Igi yẹn ló dì mú tí kò fi lọ.

Caleb tó jẹ́ ọmọ Texas kò mọ ìtumọ̀ igi tó dábùú ọ̀nà, ṣùgbọ́n Maren mọ̀ ọ́n, ọmọ ibẹ̀ ni. Mọ́tò dúró. Kò ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ sí ibi tí Verna wà. Maren bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà.

"Mọ́mì! Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ṣé kò sí o?"

"Ẹ yí padà!"

"Ibi tá a dé yìí? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ilé nìyẹn!" Maren ń sunkún, inú sì ń bí i. "Caleb á dúró. Èmi á fẹsẹ̀ rìn. Màá gbé e wá fún Màmá àgbà, màá sì padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún!"

Aṣọ búlúù ni wọ́n fi wé ọmọ náà. Ọwọ́ kékeré kan yọ jáde nínú rẹ̀, ó ń já afẹ́fẹ́. Verna rí ọwọ́ náà. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín? Ó wù ú. Inú omi tó wà yẹn, tí kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó wù ú kí Maren máa bọ̀. Kéèyàn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kò wí nǹkan kan. Maren gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Yìnyín dún gbarara, láti abẹ́ Verna títí lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Má tẹ̀ ẹ́! Maren, dúró! Irọ́ ni mo pa! Èmi ni mo gbé igi yìí dìde! Láti àná ló ti tẹ̀! Mo mọ̀! Mo gbẹ́ ẹ, mo rí omi, mo mọ̀!"

Maren dúró gbọnrangandan. Ó wo ìyá rẹ̀. Verna ti tọ́ ọmọ yẹn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò rí irú ìwò yẹn lójú rẹ̀ rí. Maren yí ojú ọmọ náà mọ́ àyà ara rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan mọ́tò, ó wọlé. Mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ríbi yí padà.

Reino ló dé ọ̀dọ̀ Verna, ó fi ikùn wọ́ bọ̀, ó ń ti àkàsọ̀ síwájú. Gordy di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́yìn pẹ̀lú okùn. Wọ́n wọ́ obìnrin náà jáde, wọ́n fà á dé orí ilẹ̀. Delphine ti dúró pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó dì í mọ́ ọn lára.

"Ta ló fọwọ́ kan igi?" Reino béèrè.

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ àná."

Reino bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Ọmọ ẹ pè mí. Ó ní, 'Reino, ṣé ká máa bọ̀?' Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, Verna. Bí wọ́n bá ti rì ńkọ́? Ta ló pa wọ́n?"

"Reino, jọ̀ọ́..."

"Má bá mi sọ̀rọ̀. Lọ bọ́ aṣọ tútù yẹn."

Gordy tó máa ń wá nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà gbogbo kàn ń wo ilẹ̀ ni. Delphine mú Verna délé, ó bá a tan iná sí ààrò, ó sì lọ. Kò mu kọfí, kò jókòó.

Verna wọ yàrá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lára, omi ń kán sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Hulda kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ti gbé irọ̀rí sí i lẹ́yìn láti àárọ̀ nítorí àlejò, ó ti wọ súwẹ́tà rẹ̀ tó dára, bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Wọ́n ti padà lọ, Màmá," ó ní. "Wọn ò ní í lè wá mọ́. Èmi ni mo fà á. Igi kẹta yẹn, ó ti..."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Láàárọ̀ àná..."

"Verna, mo ti jí kó o tó jí lánàá. Mo ti rí i pé igi tẹ̀ kó o tó dé fèrèsé. Mo rí ọ tó o gbé korobá lọ, mo rí ọ tó o padà, igi ti dìde." Ọwọ́ màmá náà ń rìn lórí aṣọ ìbora, síwá sẹ́yìn, kò rí ibi tó máa dúró. "Mo tójú bọ́ lórí adágún yẹn ju Reino lọ. Kò sóhun tó o fẹ́ sọ fún mi nípa yìnyín oṣù Kẹta."

Verna wò ó. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan? Nígbà tí mo wọlé, tí mo yọjú sí yín?"

"Mo dijú."

"Màmá!"

"Mo fẹ́ gbé e lọ́wọ́. Ó wù mí débi pé mo dijú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí kò ní ohùn mọ́. "Lónìí náà, nígbà tó o wà lórí fóònù. Mo gbọ́ pé o dákẹ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ké nìyẹn."

Verna jókòó sí etí ibùsùn. Kò lè bínú, kò sì lè rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún. Ní ilé ìdáná, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn méjèèjì mọ ẹni tó ń pè. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Lọ gbé e," Hulda ní.

"Kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

"Sọ fún un pé àwa méjèèjì ni."

Verna dìde, ó lọ gbé fóònù.